Ẹ Lọ Ṣeré Níbẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Oníṣẹ́ Ọnà Tó Ń Lọ sí Rẹ́sídẹ́ǹsì Kúkúrú

Ní ọdún 1964, ọ̀dọ́mọkùnrin oníjó kan bá olóògùn kan kiri dé Òṣogbo. Ijó ló fi ń pe èrò jọ kí olóògùn tó tajà. Ó jó wọ inú òde kan ní Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà kan nílùú náà, ijó náà mú gbogbo ojú, wọ́n sì ní kó dúró ti àwọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Georgina Beier, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn ọ̀dọ́ ìlú jọ fún ọjọ́ mélòó kan, ó fún wọn ní ọ̀dà àti bébà, oníjó náà sì wà lára wọn. Twins Seven-Seven ni ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ní 2005, UNESCO fi í kún àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ àlàáfíà.

Ẹ wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà. Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí, eléré ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ eré ìtàgé Dúró Ládípọ̀. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná orí ìtàgé ẹgbẹ́ yẹn. Múráínà Oyèlámì ń lùlù, ó ń ṣeré. Kò sí ẹni tó gba yunifásítì kọjá dé ìdí àwòrán nínú wọn. Eré ni wọ́n mọ̀, eré náà ni wọ́n gbé wọ inú ọ̀dà, ọjọ́ díẹ̀ sì tó fún wọn láti bẹ̀rẹ̀ ohun tí ayé kò tíì gbàgbé.

Mo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọjọ́ tí wọ́n fún yín bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni eré ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó nínú rẹ̀. Èdè wa kò ya eré kúrò lára iṣẹ́ ńlá rárá. Eré ni ọmọdé ń ṣe lábẹ́ igi, eré ni egúngún ń ṣe lójú agbo, eré náà sì ni Ọba Kòso tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde ní 1963.

Rẹ́sídẹ́ǹsì tí mo ń wí ni èyí tí wọ́n ti ń gba ayàwòrán, akéwì, agbẹ́gilére tàbí olórin lálejò fún ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n fún un ní ibùsùn, oúnjẹ àti yàrá iṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ irú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo gbà. Mo ti ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kí n tó kúrò nílé, mo ti wọn kánfáàsì, mo ti pín ọjọ́: mẹ́ta fún èyí, mẹ́ta fún tọ̀hún. Mo parí gbogbo rẹ̀, mo rù ú délé, mo sì kọjú rẹ̀ sí ògiri, nítorí pé kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí n kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀rù ló ṣe é. Ọjọ́ kúkúrú máa ń dẹ́rù bani, ẹ̀rù náà a sì fa ọwọ́ lọ síbi tó ti mọ̀. Ohun tó lè tú ọwọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rù ni eré. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí, tẹ̀ léra tẹ̀ léra. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹni tó bá ní ọjọ́ méje kó gé e sí méjì.

1. Kí ẹ tó kúrò nílé

Àwọn tó ń gbàlejò á béèrè ohun tí ẹ fẹ́ wá ṣe. Ẹ má kọ̀wé pé ẹ fẹ́ ya àwòrán mẹ́fà nípa odò. Ìbéèrè ni kí ẹ kọ. Fún àpẹẹrẹ: "Mo fẹ́ gbọ́ bí omi ṣe ń dún nígbà tí wọ́n bá ń fi igbá bù ú, mo sì fẹ́ wá bí ọ̀dà ṣe lè mú ìró yẹn." Àwòrán mẹ́fà á di gbèsè sí yín lọ́rùn; ìbéèrè á sì ṣílẹ̀kùn. Ẹ tún wo ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó kọ ọ́. G.A.S. Foundation tí oníṣẹ́ ọnà Yinka Shonibare dá sílẹ̀ láti máa gba oníṣẹ́ ọnà lálejò, tó ṣílẹ̀kùn ní 2022, ní ilé kan ní Èkó, ó sì ní oko kan lápá Ìjẹ̀bú. Ẹni tó ń lọ sí oko tó wá kọ ìwé tó bá ilé Èkó mu ti sọ eré rẹ̀ nù kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú àpò yín, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo. Ẹ mú ohun èlò kan tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lò: kí ayàwòrán mú abẹ́rẹ́ àti òwú, kí akéwì mú amọ̀, kí agbẹ́gilére mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọpọ́n ayò bí ẹ bá ní in. Iṣẹ́ àtijọ́ tí ẹ ti gba ìyìn lórí rẹ̀, ẹ fi sílé, àti fọ́tò rẹ̀ náà. Kí ẹ sì bá ará ilé sọ ọ́ pé wákàtí kan ní alẹ́ ni fóònù yín yóò máa wà ní títàn. Èyí le fún ẹni tó ní ọmọ kékeré, mo mọ̀. Ẹ wá ẹnì kan tí wọ́n lè pè ní ibi tí ẹ ń lọ, kí ọkàn yín lè balẹ̀.

2. Ọjọ́ kìíní: rírìn àti oríkì

Ẹ má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ dé. Ẹ rìn, ẹ lọ sọ́jà, ẹ jẹun níbi tí àwọn ará àdúgbò ti ń jẹun. Bí Òṣogbo bá ni, ẹ lọ sí igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá ayé ní 2005, kí ẹ wo ère tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe síbẹ̀. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, ọ̀kan nínú wọn. Sìmẹ́ńtì tó fi ń mọlé náà ló fi ṣeré títí tó fi di ẹranko àti ènìyàn lójú ògiri.

Níbi tí ẹ bá ti ń rìn, ẹ ṣa ohun méje nílẹ̀. Ẹ má rà wọ́n, ẹ má sì ya fọ́tò wọn. Ìdérí ìgò, eegun ẹja, bọ́tìnnì, ewé gbígbẹ, ohunkóhun. Ní alẹ́, ẹ tò wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì ki ìkọ̀ọ̀kan wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ ki wọ́n ní oríkì onílà mẹ́ta, kí ẹ sì pariwo rẹ̀ síta. Èyí ni mo ki ìdérí ìgò kan tí mo he lẹ́bàá títì:

Adé kékeré tí ọtí ń dé,
mọ́tò gorí rẹ, o ò sunkún,
eléyín mọ́kànlélógún tí kò jẹ ẹran rí.

Kí n tó lè sọ ìlà kẹta, mo ní láti ka eyín ara rẹ̀. Ohun tí oríkì ń ṣe fún ojú inú nìyẹn. Ó ń fi agídí mú wa wo nǹkan títí yóò fi sọ ìdílé tó ti wá. Ìdérí yẹn wọ inú àwòrán mi mẹ́ta lẹ́yìn náà láì jẹ́ pé mo pè é.

3. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta: kí ọwọ́ yá ju ẹ̀rù lọ

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ ra ogún bébà tí kò wọ́n, kó tóbi. Ọ̀dà dúdú nìkan, tàbí èédú. Búrọ́ọ̀ṣì tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ilé. Ẹ dìde dúró. Ẹ má jókòó. Bébà kan, ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹlòmíràn máa bá yín ṣọ́ aago.

Márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ máa wo ọ̀kan nínú ohun méje yẹn, kí ẹ sì máa yà á. Márùn-ún tó tẹ̀ lé e, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ òsì (tàbí ọwọ́ ọ̀tún, fún alòsì). Márùn-ún míì, ẹ di ojú, kí ọwọ́ kan máa fọwọ́ ba nǹkan náà, kí èkejì máa yà. Márùn-ún tó kù, ẹ kó gbogbo ohun náà kúrò níwájú, kí ẹ máa ka oríkì wọn, kí ẹ máa ya ohun tí oríkì sọ.

Òfin méjì ló wà. Kò sí bébà tí a gbọ́dọ̀ ya dànù. Kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé "èyí dára" tàbí "èyí kò dára" títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ìyìn náà máa ń pa eré. Ẹni tí wọ́n bá yìn lórí bébà kẹrin, bébà kẹrin náà ni yóò máa tún yà títí dé ogún.

Ó máa ń tó bébà kọkànlá tàbí ìkejìlá kí ohun kan tó yí padà. Ọwọ́ á ti rẹ̀, kò ní lè díbọ́n mọ́. Ìlà tó bá jáde nígbà yẹn máa ń jọ ti ẹni tó yà á ju gbogbo èyí tó fi ọgbọ́n yà lọ. Mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì ti rí i lára èmi náà. Àwọn tí kì í ṣe ayàwòrán lè ṣe é: akéwì á kọ ìpínrọ̀ ogún, agbẹ́gilére á mọ amọ̀ ogún tí kò ju ìkúùkù lọ, olórin á wá ìró ogún lára ohun tó wà nínú yàrá, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí páànù.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ fi ohun èlò tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lò rọ́pò ọ̀dà.

4. Àlọ́ ní alẹ́

Bí ẹ bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ pàlọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi èyí wé eré tí wọ́n fi ń dójú ti àlejò ní ìpàdé, níbi tí wọ́n ti ń ní kí ẹnì kan dìde fò bí ọ̀pọ̀lọ́. N kò fẹ́ràn ìyẹn rárá. Ẹni tójú bá tì kò ní ṣeré mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àlọ́ àpamọ̀ ni mo ń wí. Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Kí ni o? Ẹ̀wà. Ẹ ro bí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ṣe wo kóró ẹ̀wà pẹ́ tó, kó tó rí tìróò lójú rẹ̀. Òkun ń hó yeeye, ọ̀sà ń hó yeeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́: ọmọrogùn. Ẹni yẹn dúró ti ìkòkò ọkà, ó rí òkun.

Kí oníkálukú ṣe àlọ́ tuntun márùn-ún lórí ohun tó wà ní àyíká ilé tí ẹ wà: fáànù òkè, gálọ́ọ̀nù omi, jẹnẹrétọ̀, bàtà olùṣọ́. Ẹ pa á fún ara yín. Lọ́jọ́ kejì, kí oníkálukú mú àlọ́ ẹlòmíràn, kó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àlọ́ ni kó yà, kó má ya ìdáhùn. Ẹ ya igba ọmọ tó lé tìróò. Ẹ má ya ẹ̀wà. Bí ẹ bá rí ìyá àgbà kan ládùúgbò tó mọ̀ ọ́n pa, ẹ pè é, kí ẹ sì fún un ní ohun tó tọ́ sí i bí ẹ ṣe máa fún olùkọ́.

5. Ìdajì ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ dá òfin sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ rò pé eré ni kí oníkálukú máa ṣe ohun tó wù ú. Ẹ wo ayò: ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kan. Bí ẹ bá gba òfin kúrò, kóró lásán ni ẹ ń dà kiri. Òfin ló ń jẹ́ kí orí ayò gbóná.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ èyí dáadáa. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi gbágùúdá sè, ìyẹ́ adìẹ, aṣọ funfun, aró kan ṣoṣo. Kò ju ìyẹn lọ. Pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n fi kó òpó gbọ̀ngàn Mápó, ilé ìjọba kan ní Ìbàdàn, sórí aṣọ, wọ́n fi ṣíbí sáàárín òpó, wọ́n sì pe aṣọ náà ní Ìbàdàn Dùn. Mo máa ń wo ṣíbí yẹn, inú mi a sì máa dùn. Ta ló ní kí wọ́n fi ṣíbí sílé ìjọba? Ojú inú ẹni tó ń ṣeré ni.

Nítorí náà, láti ọjọ́ kẹrin, ẹ fún ara yín lófin kan fún ọjọ́ méjì: àwọ̀ kan péré, tàbí ọ̀rọ̀ méjìdínláàádọ́ta péré, tàbí ohun tí ẹ rí láàárín ogún ìṣísẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó sàn kí ẹlòmíràn yan òfin náà fún yín. Mo máa ń kọ wọ́n sínú bébà kéékèèké, kí ọmọ onílé mú ọ̀kan fún mi.

Ẹ pààrọ̀ iṣẹ́ náà bí ẹ bá lè ṣe é. Buraimoh tó ń tan iná ìtàgé ló wá to ìlẹ̀kẹ̀ sínú àwòrán, tó sọ ọ́ di ọ̀nà tirẹ̀.

6. Tí nǹkan bá bàjẹ́

Ẹ ya apá kan lára ògiri sọ́tọ̀ fún ohun tó bàjẹ́, kí ẹ so wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní gbangba. Ní 1967, kẹ́míkà ba àwo irin tí Bruce Onobrakpeya, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, fi ń tẹ àwòrán jẹ́. Nígbà tó ń wá bí yóò ṣe tún un ṣe ló bá ọ̀nà tuntun kan láti tẹ àwòrán pàdé, tó pè ní plastograph, iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ títí dòní. Òun náà ló dá Harmattan Workshop sílẹ̀ ní Agbarha-Otor, ní ìpínlẹ̀ Delta, ní 1998, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń péjọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

7. Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ á gbẹ

Yóò dé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó sábà máa ń bọ́ sí ọjọ́ keje tàbí ìkẹjọ. Ẹ ó jí, ohun tí ẹ ṣe lánàá á jọ ìdọ̀tí lójú yín, ẹ ó máa ka iye ọjọ́ tó kù, ọkàn yín á sì máa lọ sí ètò tí ẹ gbé sílẹ̀ nílé. Ọjọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ń padà sí iṣẹ́ àtijọ́, torí ẹ̀rù.

Ẹ má wọ yàrá iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ sùn. Ẹ dáná fún àwọn tó kù. Iná dídá jẹ́ eré ọwọ́, ata àti epo ní àwọ̀. Ẹ ta ayò pẹ̀lú ẹni tí kò bìkítà nípa iṣẹ́ ọnà yín. Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ jókòó ti fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹ máa wo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Ó jọ eré, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọwọ́ yín ti kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàlejò, ọwọ́ yín ni ọjọ́ yìí wà. Ní MacDowell, tí wọ́n ti ń gba oníṣẹ́ ọnà lálejò láti 1907 ní New Hampshire, Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán sínú apẹ̀rẹ̀ wá síwájú yàrá iṣẹ́ láì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Apẹ̀rẹ̀ kékeré yẹn ń sọ fún àlejò pé a kò wá ṣírò iṣẹ́ rẹ. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ mẹ́rin tó parí sílẹ̀ fún yín, ẹ ti gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ fi ń pè é sí ìpàdé àti fọ́tò náà, ẹ dín in kù.

8. Ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn: ẹ yàn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn

Ní báyìí, eré á yí padà di yíyàn. Ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ohun tó wà lára ògiri ìbàjẹ́. Ẹ má yan èyí tó dára jù. Ẹ yan mẹ́ta tó ń yà yín lẹ́nu, tí ẹ kò mọ bí ọwọ́ yín ṣe ṣe é. Àwọn yẹn ni kí ẹ fi ọjọ́ méjì bá sọ̀rọ̀, kí ẹ fi sùúrù fún wọn ní ohun tí wọ́n bá ń béèrè: ìlà kan, àwọ̀ kan, nígbà míì kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ẹ ṣílẹ̀kùn fún ará àdúgbò, pẹ̀lú iṣẹ́ tí kò parí. Ẹ pe àwọn ọmọdé, alágbàṣe, ìyá tó pàlọ́. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni "Mbari". Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé e wá sí Òṣogbo ní 1962, etí ará ìlú gbọ́ ọ bíi "mbá rí i, mbá yọ̀": bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ àjèjì ṣeré, ó sì di orúkọ ilé náà. Ẹ bi àwọn tó bá wá léèrè ohun tí wọ́n rí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó sọ tiyín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan sọ fún mi nígbà kan pé àwòrán mi ń rẹ́rìn-ín, ó kàn pa ẹnu dé ni. Orúkọ tí mo fún un nìyẹn.

9. Bí ẹ bá délé

Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ariwo ilé tó bo gbogbo rẹ̀, ẹ yan eré kan ṣoṣo nínú èyí tí ẹ ṣe, kí ẹ sì fún un ní ìdajì wákàtí lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Sátidé ni tèmi, láàárọ̀, kí epo tó hó fún àkàrà. Bébà márùn-ún, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìkọ̀ọ̀kan, ó kù díẹ̀ tí mo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ so èyí tó burẹ́wà jù nínú ogún bébà yẹn kọ́ síbi tí ojú yín ti máa ń kọ́kọ́ kàn bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí ọmọ kan bá sì wà nílé, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò dá òfin ti Sátidé tó ń bọ̀.